Omi Inú Ọkọ̀ Bàbá Adéwùsì
Láti ìgbà tí Bàbá Adéwùsì ti pé ọmọ àádọ́rin ọdún, òfin ìlú ọba tó ń gbé ò jẹ́ kí láísẹ́ńsì ìwakọ̀ rẹ̀ fàyè gba ọkọ̀ tó wúwo mọ́. Ọlọ́pàá kan, ọmọ Ìjẹ̀bú, gbé ọkọ̀ tí bàbá fi ṣe ilé sórí òṣùwọ̀n, ó ní ó ti wúwo jù, kí bàbá fi í sílẹ̀, kí ó máa fẹsẹ̀ rìn lọ. Bàbá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó tú ẹnu àgbá omi abẹ́ ọkọ̀, omi ìwẹ̀ àti omi ìdáná ya sínú ẹrẹ̀ títí àgbá fi gbẹ. Bàbá ní, “Ẹ tún un wọ̀n.” Ìwọ̀n bá òfin mu. Ọlọ́pàá rẹ́rìn-ín. “Bàbá, ẹ gbọ́n o. Omi ló dànù, agbè ò fọ́.” Bàbá nu ọwọ́. “Agbè ti fọ́ lóṣù tó kọjá, ọmọ mi. Omi tí ìyàwó mi pọn kẹ́yìn ni mo dà nù yẹn.”