Iwin Olójú Mẹ́rìndínlógún àti Ọmọrí Ìkòkò Àṣàbí

Èmi nìkan ni mo rí i. Kò sí ọdẹ kankan lẹ́yìn mi, kò sí ajá níwájú mi, nítorí náà kò sẹ́ni tó lè bá mi jiyàn. Èmi Ọdẹ́jìmí, ọmọ ọdẹ, ọmọ-ọmọ ọdẹ! Mo lè ké bí àparò kí àparò dá mi lóhùn, mo lè dún bí ẹtu kí akọ ẹtu wá máa wá ìyàwó lẹ́sẹ̀ mi. Lọ́jọ́ tí wọ́n bí mi, adìẹ mẹ́ta ló sá kúrò nílé, wọ́n rò pé àṣá ló ń ké.

Ohun tó gbé mi wọ Igbó Olójú kì í ṣe ẹran o. Àṣàbí ni, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Mofọlámi. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni. Bí ẹ pè é, kò ní dáhùn. Bí ẹ pàtẹ́wọ́, kò ní pàtẹ́wọ́. Bí ẹ juwọ́ sí i, ògiri ni yóò máa wò. Àtàárọ̀ dalẹ́, ọmọrí ìkòkò ló ń yí nílẹ̀, gbiri gbiri gbiri, bí ẹni tí wọ́n gbéṣẹ́ fún. Ìyá ọkọ ẹ̀gbọ́n mi, Ìyá Agbẹ̀dẹ, wá là á mọ́lẹ̀: "Mofọlámi, ọjọ́ márùn-ún ni mo fún ẹ. Bí ọmọ yìí ò bá jẹ́ ìpè mi, oko Ẹgàn ni mò ń gbé e lọ, níbi tí àlejò ò ti ní rí i fi wá ṣe yẹ̀yẹ́." Ẹ̀gbọ́n mi ò sunkún. Wọ́n kàn gbé ọmọ náà mọ́ra, ọmọ náà sì ń wo ọmọrí. Ìyẹn dùn mí ju ẹkún lọ. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fọkàn balẹ̀. Màá lọ gba oògùn lọ́wọ́ iwin inú Igbó Olójú, èyí tó máa jẹ́ kó ṣe bíi tiwa."

Igi inú igbó yẹn ga débi pé ewé tó já lórí rẹ̀ lánàá ò tíì délẹ̀ lónìí. Lórí òkìtì ọ̀gán kan ni mo ti bá iwin náà. Ojú mẹ́rìndínlógún ló ní, kò sì fi ẹyọ kan wò mí. Ìkarahun ìgbín ló ń yí lórí òkúta. Mo kí i, mo jó, mo ké bí àparò, mo dún bí ẹtu, mo pariwo: "Wo ojú mi!" Kò mira, bí òkúta odò tí omi ń gba orí rẹ̀ kọjá. Lọ́jọ́ kejì, ó sú mi. Mo jókòó, mo mú ìkarahun kan, èmi náà ń yí i. Ó yí sọ́tùn-ún, mo yí sọ́tùn-ún; ó dúró, mo dúró. Ojú kan bá wò mí. Ó di méjì. Nígbà tó fi máa di mẹ́rìndínlógún, òógùn ti bò mí.

Ó ní, "Ọmọ ọdẹ, báwo lo ṣe mọ ohùn àparò?"

"Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi jókòó tì í nínú pápá."

"Parí ọ̀rọ̀ yìí fún mi: ẹni tó bá fẹ́ mú ọ̀bọ..."

Mo bú sẹ́rìn-ín. "Á ṣe bí ọ̀bọ! Àwa ọdẹ la lòwe yẹn."

"O ṣe bí àparò torí ẹran, o ṣe bí ẹtu torí ẹran. Ìgbà wo lo ṣe bí Àṣàbí?"

Mi ò sì dárúkọ ọmọ náà fún un o!

"Oògùn ńkọ́?"

"Ṣé àìsàn ló ń ṣe àparò, tó fi ń ké bí àparò?" Ó bá yíjú padà sí ìkarahun rẹ̀.

Ó ku ọjọ́ méjì nígbà tí mo délé. Mi ò pe Àṣàbí. Mo mú ọmọrí mìíràn, mo jókòó tì í. Gbiri gbiri. Ẹ̀gbọ́n mi ní orí mi ti dàrú nígbó. Lọ́jọ́ kejì, ọwọ́ ro mí, mo dúró. Àṣàbí wo ọmọrí mi, ó wo ọwọ́ mi, ó wá wo ojú mi, fìrí! Ó ti ọmọrí náà sí mi, pé kí n máa yí i lọ. Ẹkún tí ẹ̀gbọ́n mi ò sun níjọ́sí, wọ́n wá sun ún.

Ìyá Agbẹ̀dẹ dé lọ́jọ́ tí wọ́n dá. "Àṣàbí!" Kò dáhùn. "Ẹ palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́."

Mo ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yí ọmọrí ẹ̀ẹ̀kan péré pẹ̀lú rẹ̀."

"Èmi? Pẹ̀lú ìbàdí arúgbó yìí? Ìwọ aláṣejù!"

"Àbí ẹ̀rù ọmọrí ló ń bà yín ni, Ìyá?"

Ẹ̀rù kẹ̀! Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, egungun ìdí wọn dún kẹ́kẹ́, wọ́n ké: "Yéè!"

Àṣàbí gbójú sókè. Ó wo ìyá àgbà. Ó ní, "Yéè."

Ìyá rọra tún un ṣe: "Yéè?"

"Yéè," ni Àṣàbí fèsì. Ìyá Agbẹ̀dẹ ò dìde nílẹ̀ yẹn títí oòrùn fi wọ̀. Ta ló tún ń rántí oko Ẹgàn?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gbọ́ mi, títí dòní, ọmọrí ṣì ń yí, Àṣàbí kì í sì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ ìpè. Mi ò sọ pé mo wò ó sàn. Ohun tí mò ń sọ ni pé bí ọmọ ò bá wá sọ́dọ̀ yín, ẹ lọ bá a níbi tó wà, kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kọ́ eré tirẹ̀. Ẹ lè yọ ojú mẹ́wàá kúrò lára iwin náà, mo fi jìn yín. Igi yẹn náà, ẹ gé e kúrú. Ṣùgbọ́n "Yéè" yẹn, ẹ ò gbọdọ̀ yọ ọ́. Ẹ gbà mí gbọ́, ó di dandan!