Ògúnrìndé Tó Dùbúlẹ̀ ní Ilẹ̀ Agbède

Ọdún tí iṣu ta jù lọ nínú ìrántí wa ni ìjà fẹ́rẹ̀ẹ́ run Ìgbó-Àràbà. Ọdún ọ̀pọ̀ ni, kì í ṣe ọdún ìyàn, nítorí ẹni tí ebi ń pa kì í ráyè du ààlà. Ilẹ̀ Agbède, pápá títẹ́jú tó wà láàárín ìlú wa àti Òkè-Ìṣìn, ni ọ̀rọ̀ dá lé. Àwa ní bàbá wa ló kọ́kọ́ ṣán an. Àwọn náà ní bàbá tiwọn ni. Wọ́n tú ebè wa ká, a tú tiwọn. Nígbà tó yá, wọ́n ṣá ọmọkùnrin wa kan ládàá léjìká, àwọn tiwa náà sì dáná sun abà wọn méjì. Ìlú méjèèjì wá dá ọjọ́ kẹsàn-án, pé kí olúkúlùkù kó ohun ìjà tó bá ní wá sí ojú ilẹ̀ náà. Bẹ́ẹ̀, kò sí agboolé kan lọ́dọ̀ wa tí kò ní ọmọ nílé ọkọ ní Òkè-Ìṣìn. Àwọn ìyá ń sunkún, àwọn ọkùnrin ń pọ́n àdá, kò sì sẹ́ni tó mọ bí a ó ṣe yọ ẹsẹ̀ kúrò nínú rẹ̀.

Ọkùnrin tó yọ wá ni Ògúnrìndé Àlàó, Afẹsẹ̀-òsì-tú-eruku, ọkọ irin, ẹni tí afẹ́fẹ́ sáré tẹ̀lé tí kò bá. Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tó jẹ́, nítorí àwọn ọmọ ìsinsìnyí rò pé ọlọ́kadà kan lásán ni. Ó lọ sí ìlú Òyìnbó nígbà èwe rẹ̀ láti kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì, ibẹ̀ ló sì ti di eléré alùpùpù. Orí ilẹ̀ eléruku tó yípo bí ẹyin ni wọ́n ti ń sá eré náà. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọn yóò yí i po, ọwọ́ òsì nìkan ni wọ́n sì ń yà sí. Bí wọ́n bá ń yà, wọ́n á jẹ́ kí táyà ẹ̀yìn máa yọ̀, wọ́n á sì fi ẹsẹ̀ òsì tó wọ bàtà onírin máa wọ́ ilẹ̀. Alùpùpù náà kò ní bíréèkì rárá. Ọdún mọ́kànlá ló fi sá a, tí àwọn Òyìnbó ń ṣí fìlà fún un. Nígbà tó pé ogójì ọdún, ó ní ó tó, ó kó alùpùpù eré méjì wálé, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù, ó sì ń kọ́ ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ mọ̀ ọ́n, ọmọ wa ni o, ọmọ wọn ni o. Súfíyánù, ọmọ Òkè-Ìṣìn tó ń ta obì, ló mọ̀ ọ́n jù nínú gbogbo àwọn tó kọ́. Ògúnrìndé kì í gbéraga. Bí o bá kí i lẹ́ẹ̀mẹwàá lóòjọ́, yóò dáhùn lẹ́ẹ̀mẹwàá, yóò sì tún béèrè ìyá rẹ.

Nígbà tí ọjọ́ ìjà ku ọjọ́ mẹ́rin, ó bẹ àwọn Baálẹ̀ méjèèjì kí wọ́n pàdé lójú ilẹ̀ náà. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, kò sì dìde títí wọ́n fi ní kí ó sọ̀rọ̀.

“Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ ó pẹ́ fún wa. Àdá kò mọ ẹni tó ni ilẹ̀. Ẹni tó bá wà nítòsí ló ń ṣá. Ẹ jẹ́ kí èmi àti Súfíyánù sáré yí ibí yìí po lẹ́ẹ̀mẹrin. Ìlú ẹni tó bá kọ́kọ́ kọjá òpó tí a bá rì síbi ìparí ni kó ni ilẹ̀ yìí, kí ìlú kejì kó ọ̀pá iṣu wọn lọ sílé. Bó bá di pé ẹnìkan yóò fara pa, kó jẹ́ ọ̀kan nínú àwa tí a ti mọ bí a ṣe ń ṣubú.”

Ọ̀pádòtun, Baálẹ̀ Òkè-Ìṣìn, wo ewú orí Ògúnrìndé, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. “Ògúnrìndé, ìwọ ti ń hewú, ọmọ wa ò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Kí ni yóò gùn?”

“Alùpùpù mi kejì ni, bàbá. Òun ló dára jù nínú méjèèjì.”

Wọ́n gbà. Àwọn ará ilé wa ní orí Ògúnrìndé ti yí, ṣùgbọ́n wọ́n fẹ́ràn rẹ̀, ìfẹ́ yìí ló sì mú wọn ṣe àṣìṣe kan tí wọ́n fi ń ṣe wá ní yẹ̀yẹ́ títí dòní. Àwọn alágbẹ̀dẹ wa gbọ́ pé alùpùpù rẹ̀ kò ní bíréèkì, àánú rẹ̀ sì ṣe wọ́n. Nígbà tó lọ jẹun ọ̀sán, wọ́n tú bíréèkì lára kẹ̀kẹ́ Baálẹ̀ wa, wọ́n sì so ó mọ́ alùpùpù náà. Nígbà tó dé, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó kí wọn kú iṣẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú u.

“Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣeun. Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn mi kò ní bíréèkì. Bí mo bá dúró lójijì, yóò pa mí, yóò sì pa ara rẹ̀. Ìdí tí gbogbo wa kò fi ń lò ó nìyẹn.”

Àgbà nínú wọn bi í pé, “Bí ẹni iwájú bá wá ṣubú ńkọ́?”

“Ohun kan ṣoṣo ló kù, ẹ̀gbọ́n. Kí n gbé alùpùpù náà dùbúlẹ̀, kí n sì bá a dùbúlẹ̀.”

“Ṣé kì í dunni?”

“Ó ń dunni gan-an.”

Ọjọ́ pé. Ojú mi ló ṣe, ọmọ ọdún méjìdínlógún ni mí, mo sì lè sọ pé kò sí ọkùnrin kan níbẹ̀ tí kò fi àdá pamọ́ sábẹ́ aṣọ. Èmi náà ní tèmi. Wọ́n ju aṣọ funfun sílẹ̀, àwọn méjèèjì bọ́ sáré, ìró alùpùpù sì gba gbogbo àyà wa. Súfíyánù ló ṣáájú ní ìyípo kìíní. Ó ṣáájú ní ìkejì àti ìkẹta, Ògúnrìndé sì ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń sin ìyàwó. Ní ìkẹrin, ó ti sún mọ́ ọn pẹ́kípẹ́kí. Ní igun tó gbẹ̀yìn, táyà Súfíyánù kọ lu ìdí ebè kan tí a kò tẹ́ dáadáa. Ó fò sókè, ó balẹ̀ sáàárín ọ̀nà, kò sì mira. Òpó kò jìnnà mọ́. Lọ́wọ́ òsì, ebè ni. Lọ́wọ́ ọ̀tún, èrò ni. Bí Ògúnrìndé bá fẹ́ ilẹ̀ náà, orí Súfíyánù ni yóò gbà kọjá. Mo gbọ́ ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tó ní, “Gba ibẹ̀ kọjá.” Kì í ṣe ènìyàn burúkú, ohun tí ìjà ilẹ̀ ń sọ ènìyàn dà nìyẹn. Ògúnrìndé gbé irin náà dùbúlẹ̀, òun àti irin náà sì ń wọ́ lọ nínú eruku. Nígbà tí wọ́n dúró, ó ku bí ìgbọ̀nwọ́ kan kí wọ́n kan ọmọ náà. Itan òsì Ògúnrìndé ti kán.

Gbogbo wa sáré wọ ojú eré náà, kò sẹ́ni tó pàṣẹ. Ó wá ṣẹlẹ̀ pé àwọn ará Òkè-Ìṣìn ni wọ́n gbé Ògúnrìndé, àwa la sì gbé Súfíyánù. Àwọn kan ní ibi tí kálukú dúró sí ló fà á; mi ò bá wọn jiyàn. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ènìyàn kò lè fi àdá sábẹ́ aṣọ kó sì gbé ẹni tó ṣubú dáadáa. Àdá ń bọ́ sílẹ̀, a kò sì bẹ̀rẹ̀ mú un.

Súfíyánù la ojú, ó ní, “Ta ló borí?”

Ògúnrìndé dá a lóhùn láti orí ilẹ̀ tó wà. “Dákẹ́, kí wọ́n fún ọ lómi mu.”

Baálẹ̀ Ọ̀pádòtun ṣí fìlà rẹ̀. “Ẹ̀yin ará Ìgbó-Àràbà, mo ti ṣetán láti gba ilẹ̀ yìí lọ́wọ́ yín, mo sì ti ṣetán láti pàdánù rẹ̀. Ohun tí n kò ṣetán fún ni kí ẹ dá ọmọ mi padà fún mi láàyè. Ta ni nínú wa tó lè wá sọ fún ọkùnrin yìí pé kó kó ọ̀pá iṣu rẹ̀ lọ sílé? Ẹ jẹ́ ká jọ máa ro ilẹ̀ náà.”

Baálẹ̀ wa, tí ọ̀rọ̀ kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀, kàn di ọwọ́ Ọ̀pádòtun mú ni. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà débi pé mo gbàgbé àdá mi síbẹ̀.

Ògúnrìndé lo ọdún méjìlélọ́gbọ̀n sí i láyé, ó ń tiro, ara rẹ̀ sì yá gágá. Súfíyánù sọ ọmọ rẹ̀ ní Àlàó. Mo bi Ògúnrìndé nígbà kan bóyá ìpinnu náà kò dùn ún, ó ní, “Bí mo bá gba ilẹ̀ lórí egungun ọmọ ọlọ́mọ, ta ni yóò jẹ iṣu tó bá ta níbẹ̀?” Títí dòní, ìlú méjèèjì ló ń ro Ilẹ̀ Agbède, a kì í sì kọ ebè sí ojú eré náà. Ọdọọdún là ń sáré níbẹ̀, ẹni tó bá dùbúlẹ̀ nítorí ẹni tó ṣubú ni a sì ń kọ́kọ́ kí, ká tó kí ẹni tó borí. Bákan náà ni ní ìjàkadì, bákan náà ni bí ẹjọ́ bá wà nílẹ̀ tí ọ̀fọ̀ sì ṣẹ ọ̀kan nínú àwọn tó ń ṣe é: a ó dá ẹjọ́ náà dúró títí ọ̀fọ̀ yóò fi tán.

Àríyànjiyàn kan ṣoṣo ló kù láàárín wa. Bí eré ọdún bá ti parí, àwọn ará Òkè-Ìṣìn á ní Ìgbó-Àràbà ló borí lọ́jọ́ náà, nítorí ẹni tó lè kọjá tí kò kọjá ló ni ilẹ̀. Àwa á ní rárá o, Súfíyánù ló wà níwájú kó tó ṣubú, àwọn ló ni ín. Ó ti ju ogójì ọdún lọ tí a ti ń jiyàn náà, a kò tíì yanjú rẹ̀. Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká yanjú rẹ̀.