Làálì Sìfáwù

“Àdá kò pa làálì, àkẹ́jù ló pa á.” Ẹ ti gbọ́ òwe yìí títí etí yín fẹ́rẹ̀ẹ́ di, ṣùgbọ́n ta ni nínú yín ló mọ ibi tó ti ṣẹ̀ wá?

Bàbá kan wà tó ń jẹ́ Lásísì. Sìfáwù ìyàwó rẹ̀ ló gbin làálì kan sí ẹ̀yìnkùlé. Bí ọmọge kan bá fẹ́ lọ ilé ọkọ, ìdí igi yìí ni àwọn obìnrin ti ń já ewé tí wọ́n máa lé fún un lọ́wọ́ àti lẹ́sẹ̀. Ẹ̀rín wọn lè jí òkú ìlú mẹ́ta. Bí igi náà bá sì tanná, òórùn rẹ̀ á wọlé wá bá ènìyàn lórí ẹní.

Sìfáwù kú. Lásísì ní ẹni tó bá fọwọ́ kan ewé kan ṣoṣo níbẹ̀, òun àti olúwarẹ̀ ni. Àwọn obìnrin ò wá mọ́. Ilé dákẹ́ débi pé bàbá ń gbọ́ bí irùngbọ̀n rẹ̀ ṣe ń hù. Láàárọ̀, á bomi rin làálì. Lọ́sàn-án, á tún bomi rin ín. Nírọ̀lẹ́, á ní bóyá òùngbẹ ṣì ń gbẹ ẹ́. Àwọn ọ̀pọ̀lọ́ kó ẹrù wá síbẹ̀, wọ́n bímọ, wọ́n sọmọ lórúkọ. Á wá jókòó ti igi náà, á ní, “Sìfá, ṣé o jí ire?”

Fún ọdún mẹ́ta, igi náà kò tanná rárá. Ewé pọ́n, ó rẹ̀, ẹ̀ka gbẹ bí igi ìdáná. Ẹ̀rù ba Lásísì, torí bí èyí náà bá lọ, kò sí nǹkan ẹlẹ́mìí kan tí Sìfáwù fọwọ́ gbìn tó tún kù fún un. Ó ránṣẹ́ pe Múnírátù, àbúrò ìyàwó rẹ̀.

Múnírátù fi èékánná họ èèpo igi. Abẹ́ rẹ̀ ṣì tutù.

“Ẹ̀gbọ́n, kò tíì kú. Ẹ̀yin lẹ kàn fẹ́ rì í sódò. Ẹ gbé àdá wá.”

“Àdá kẹ̀? Sí igi Sìfáwù? Ṣé orí ẹ pé ṣá?”

“Sìfáwù ẹ̀gbọ́n mi fúnra rẹ̀, ọdọọdún ló ń gé e dé orúnkún! Níbo lẹ wà nígbà yẹn? Àbí ẹ rò pé ìyà ni àwọn obìnrin fi ń jẹ ẹ́ tí wọ́n ń já a? Jíjá yẹn ló ń mú un rúwé!”

Lásísì kọ̀yìn sí i, kò lè wò ó. Múnírátù gé e, ó la ojú ọ̀nà fún omi ìdí rẹ̀ láti ṣàn lọ, ó ní Lásísì kò gbọdọ̀ bomi rin ín títí ilẹ̀ á fi gbẹ, ó sì padà sí abúlé rẹ̀.

Ọwọ́ ń yún bàbá débi pé ó gbé korobá rẹ̀ lọ fi pamọ́ sílé aládùúgbò. Ó ń jókòó ti kùkùté, kò kí i mọ́; ojú ń tì í. Ọ̀sẹ̀ kẹta ni ọ̀mùnú ewé tuntun yọ. Nígbà tí òjò ọdún kejì dé, òórùn òdòdó wọ yàrá. Lásísì yíjú láti sọ fún ẹnì kan. Kò sí ẹnì kankan.

Ó dìde, ó lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé kan tí wọ́n ti ń palẹ̀ mọ́ fún ìgbéyàwó. Ó ní, “Làálì ti rúwé o.” Àwọn obìnrin wo ara wọn. Arúgbó kan ṣoṣo ló tẹ̀ lé e. Ó já ẹ̀kúnwọ́ kan, kò rẹ́rìn-ín, ó fẹ́ máa lọ.

“Ẹ jọ̀ọ́,” ni Lásísì wí, “ẹ tún já sí i.”

Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń sọ fún ẹni tó di ohun tó fẹ́ràn mú títí ó fẹ́ fún un pa, ìbáà ṣe ọmọ, ìbáà ṣe ìrántí òkú, pé àdá kò pa làálì, àkẹ́jù ló pa á.