Ìjì Tí Morẹ́níkẹ́ Dárúkọ

"Mọ́mì, tí ẹ bá dárúkọ ìjì lórí rédíò, ṣé kò ní í gbọ́ kó sì wá?"

Ìbídùn ló bi Morẹ́níkẹ́, ìyá rẹ̀, bẹ́ẹ̀ láàárọ̀. Bàbá rẹ̀ tilẹ̀ ní a kì í fẹnu ara ẹni pe ibi. Ẹ̀rù ba Morẹ́níkẹ́. Iṣẹ́ ìkìlọ̀ ojú ọjọ́ ló ń kọ́, ọjọ́ náà ni yóò sì kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ lórí rédíò.

Nígbà tó dé ibi iṣẹ́, àwòrán sánmọ̀ fi hàn pé ìjì ń bọ̀. Ó fẹ́ sọ pé, "Atẹ́gùn díẹ̀ lè fẹ́," ṣùgbọ́n ó rántí ìyá ọkọ rẹ̀ tó ti rọ lẹ́sẹ̀, tó ń jókòó lábẹ́ páànù ògbólógbòó ilé wọn. Ó sọ ọ́ gbangba: "Ìjì ń bọ̀ lọ́sàn-án yìí, yóò ṣí òrùlé. Ẹni tó wà lábẹ́ páànù tó ti gbó, kó tètè kúrò."

Nígbà tó délé, òrùlé ti lọ. Ó figbe ta: "Ìyá o!"

"Ta ló kú?" Ìyá àgbà dáhùn láti ilé aládùúgbò. "Mo gbọ́ ọ ní rédíò, mo ní kí ọkọ rẹ gbé mi wá síbí. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Àbí arọ wo ló gbọ́n jù mí lọ?"

Ìbídùn bi í pé, "Ìyá àgbà, ṣé ìjì gbọ́ ni?"

"Bó gbọ́, bí kò gbọ́, èmi ṣáà gbọ́."

Lálẹ́ ọjọ́ náà, yàrá kan nílé aládùúgbò ni gbogbo wọn sùn sí. Morẹ́níkẹ́ di ẹsẹ̀ ìyá ọkọ rẹ̀ mú, ó ń fetí sí atẹ́gùn, títí oorun fi gbé òun náà lọ.