Àgò Lẹ́nu Irà

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!

Àlọ́ mi gba etí adágún lọ, ó bá Ọ̀nì, olórí ibẹ̀. Ọ̀nì ní igbó lásán ni koríko inú irà, kí wọ́n ro ó. Wọ́n ro ó. Lọ́dún kìíní, omi dọ̀tí. Lọ́dún kejì, ẹja wọ́n. Lọ́dún kẹta, ebi dé bá Ọ̀nì.

Ẹ̀yin ọmọ, kí ló fà á? Akàn, ará adágún, bi Àrọ̀, ìyá ẹja, léèrè bẹ́ẹ̀. Orin ni Àrọ̀ fi dáhùn, ẹ gbè é:

"Inú koríko nilé ọmọ mi."
Irà dà?
"Ọ̀nì ló ní kí wọ́n wó o."
Irà dà?

Ọ̀nì gbọ́ orin náà, ojú tì í. Òun ló kọ́kọ́ fẹnu gbé gbòǹgbò koríko wá gbìn, tọmọdé tàgbà tẹ̀ lé e. Koríko hù, ẹja padà.

Lónìí, bí Ọ̀nì bá dé ẹnu irà, á dúró, á ní, "Àgò onílé o!"