Ẹ̀rọ Afẹ́fẹ́ tí Káfíńtà Rà fún Aya Rẹ̀

Ní Èrúwà, nígbà tí èmi ṣì lè gun kẹ̀kẹ́, ọkùnrin kan wà tó ń ṣe iṣẹ́ káfíńtà. Òun ló ń kan ilẹ̀kùn. Aya rẹ̀ ló ń fi àkísà kun fáníìṣì sí i lára. Bí a bá ń kọjá lọ́sàn-án, a ó máa gbọ́ ẹ̀rín àwọn méjèèjì. Títí di òní, bí mo bá gbóòórùn fáníìṣì, ojúde wọn ni ọkàn mi ń lọ.

Ọkùnrin náà rí i pé àtẹ́lẹwọ́ aya rẹ̀ ti ń là. Àánú ṣe é. Láìsọ fún un, ó lọ ra ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ tí wọ́n fi ń fọ́n fáníìṣì. Èyí tó ń ké jù ní ṣọ́ọ̀bù ló mú, torí ó rò pé òun ló lágbára jù. Obìnrin náà kúnlẹ̀, ó dúpẹ́.

Nígbà tó yá, wọ́n gba iṣẹ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì. Lọ́jọ́ kan, ọkọ ti ibi tó ti lọ ra pákó dé, ó bá ẹ̀rọ náà tí wọ́n faṣọ bò, aya rẹ̀ sì ń fi àkísà kun ilẹ̀kùn. Ó dùn ún.

“Ìyá Adéòtí, kí ló dé tí o kò lò ó?”

“Bàbá Adéòtí, ẹ má bínú. Ariwo rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n táǹkì tó ń gba afẹ́fẹ́ sí kéré. N kì í kun ilẹ̀kùn dé ìdajì tí afẹ́fẹ́ fi ń tán. Kó tó tún kún, ibi tí mo ti kun á ti gbẹ, á ti di àbàwọ́n.”

“O kò sì sọ fún mi?”

“Ìfẹ́ lẹ fi rà á. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́? Ká ní ẹ ti bi mí ni.”

Ọkùnrin náà jókòó sórí pákó. Nígbà tó dìde, ó mú àkísà kan, wọ́n sì jọ kun ilẹ̀kùn náà tán.

Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n jọ lọ pààrọ̀ ẹ̀rọ náà. Obìnrin náà fúnra rẹ̀ ló ń dán wọn wò lára pákó, títí ó fi kan ọ̀kan tí ohùn rẹ̀ rọlẹ̀, tí táǹkì rẹ̀ sì gbòòrò. Ó fọ́n fáníìṣì sára pákó láti òkè délẹ̀, afẹ́fẹ́ kò tán. Ó wo ọkọ rẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín.

Ọmọ mi, o kọ́lé sí Ìbàdàn, o fẹ́ wá mú ìyá rẹ kúrò lábúlé. Ìfẹ́ ni, a rí i. Ṣùgbọ́n o ti bá onímọ́tò sọ̀rọ̀, o ti bá akunlé sọ̀rọ̀. O kò tíì bá ìyá rẹ sọ̀rọ̀. Ó wà nínú yàrá nísinsìnyí. Wọlé tọ̀ ọ́ lọ, jókòó, kí o bi í.