Ọ̀rọ̀ Tòkunbọ̀ Tí Kò Ní Àmì Lórí

"Wọ́n ní Ìyùnadé… àbí ẹ ò tíì gbọ́ ni? Ìyùnadé tó ń ta fóònù. Wọ́n ní ó ránṣẹ́ lọ béèrè lọ́wọ́ Ifá, ohun tí Ifá sì sọ… ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ni. Tòkunbọ̀. Wọ́n ní kò ní… ẹ má jẹ́ kí n fi ẹnu mi sọ ọ́. Wọ́n ní kò tiẹ̀ ní í pẹ́. Ẹ ò gbọ́ ọ lẹ́nu mi o."

Báyìí ni ọ̀rọ̀ náà ṣe ń rìn láti ìsọ̀ dé ìsọ̀ ní Ìta-Ẹ̀rọ. Kò sí ẹni tó sọ ọ́ parí. Kò sì sí ẹni tí kò gbọ́ ọ tán.

Ṣùgbọ́n ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ nìyí.

Ohun-tó-wú-tí-kò-yó, awo Ìta-Ẹ̀rọ;
A-ti-òkun-bọ̀-má-sọ-ẹni-tó-ni-ín, awo Èbúté;
Àwọn ló dífá fún Ìyùnadé, ní ọjọ́ tí ọjà rẹ̀ ń jáde nílé láàárọ̀, tó sì ń padà wá bá a lọ́sàn-án.

Iṣẹ́ Ìyùnadé ni kí ó máa ra fóònù tòkunbọ̀, èyí tí àwọn ará òkè òkun ti lò sú. Ẹrù-ẹrù ni ó ń rà á ní Èbúté. Bó bá gbé e délé, á tú u, á nu inú rẹ̀, á pààrọ̀ gíláàsì tó bá ti fọ́, á wá bátìrì mìíràn sí i. Á wá fi aṣọ múlọ́múlọ́ dán ẹ̀yìn rẹ̀ títí yóò fi máa kọ mọ̀nà. Iṣẹ́ yìí ni ó ń jẹ láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti di ará ọ̀run.

Ọmọ kan ṣoṣo ni ó bí. Òkè òkun ni ó bí i sí, oṣù mẹ́fà sì ni ọmọ náà nígbà tí ó gbé e wálé. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Tòkunbọ̀. Àwọn ará ọjà a sì máa fi èyí ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ìyá Tòkunbọ̀, tòkunbọ̀ wo lẹ fẹ́ tà fún wa lónìí? Ṣé èyí tó ń dún ni, àbí èyí tó ń jẹ̀bà?"

Ìyùnadé a ní, "Èyí tó ń jẹ̀bà kò sí ní títà o. Òun nìkan ni mo ní."

Ọmọ náà ti di ọmọ ọdún méjìlélógún. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Àlòkù kọ̀ǹpútà ni ó fẹ́ràn. Èyí tí àwọn ènìyàn bá ti gbé jù sẹ́yìn ilé, yóò gbé e wálé, yóò tú ìfun rẹ̀ sílẹ̀, yóò máa wò ó bí ẹni ń wo ojú ọmọ tuntun. Nínú mẹ́sàn-án tó ti kú, ó kó odidi ẹ̀rọ kan jọ. Ó fi pákó ọ̀mọ̀ kan àpótí fún un. Bí ó bá tan án, fáànù inú rẹ̀ a máa kùn bí ológbò tó yó. Kò sí ẹ̀rọ mìíràn ní ìsọ̀ náà tó tó o. Oníbàárà mẹ́ta ti ń du ú.

Ọjà wá dojú rú mọ́ Ìyùnadé lọ́wọ́. Ó ra ẹrù bátìrì kan tí owó rẹ̀ rọjú gan-an. Láti ìgbà náà ni gbogbo fóònù tó bá tà ti ń padà wálé.

Oníbàárà kan wọlé, kò tilẹ̀ kí i. "Ìyá Tòkunbọ̀, fóònù yín yìí kì í rí ọ̀sán kó tó kú. Mo ń bá àna mi sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ni, ó bá kú mọ́ mi létí. Àna mi gbà pé mo já fóònù mọ́ òun lẹ́nu ni. Ẹ bá mi lọ bẹ̀ ẹ́!"

Ìyùnadé yọ bátìrì náà jáde. Ó ti wú bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tó ń fun fèrè. Ó jù ú sínú garawa tó wà lábẹ́ bẹ́ǹṣì, níbi tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wà. Ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ mọ́. Ó ní òun yóò lọ béèrè lọ́wọ́ Ifá.

Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ń dùn ún, Òkè-Amọ̀ tí Ìyánífá Fágbèmí ń gbé sì ga. Àrínpé, àbúrò ọkọ rẹ̀, ló gba iṣẹ́ náà jẹ́. Ìyùnadé kì í pe ọmọ ilé ọkọ rẹ̀ lórúkọ. Akọ̀wé ni ó ń pe Àrínpé, nítorí òun ló ń kọ lẹ́tà fún gbogbo agbo ilé.

Àrínpé ní, "Ìyàwó, jókòó ti ẹsẹ̀ rẹ. Mo máa lọ bá ọ béèrè. Láti ibẹ̀ ni mo máa gba oko lọ."

"Ẹ ṣeun, Akọ̀wé mi. Ẹ má jẹ́ kí n retí títí o."

Kò retí títí. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, iṣẹ́ dé sórí fóònù rẹ̀. Báyìí ni Akọ̀wé ṣe kọ ọ́:

"Ifa ni ki o rubo. Gbogbo re a lo. Tokunbo a ku. Eyele meji ati iyo. Ero to dara ju ni iso yin, ma ta a, fi tore fun eni ti ko le ra a. Tokunbo funra re ni ko gbe e lo. Mo n lo soko. O di ojo keta."

Ìyùnadé kà á. Ó nu ojú, ó tún un kà. Ó fi ètè kà á, ohùn rẹ̀ kò jáde: "Tòkunbọ̀ á kú."

Ilẹ̀ yí mọ́ ọn lójú. Ó pe Akọ̀wé. Fóònù ní ẹni tí ó ń pè kò sí ní àrọ́wọ́tó. Ó pè é lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Akọ̀wé ti wọ inú oko tí kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Ẹnì kan ṣoṣo ni ó sọ fún. Ìyá Bọ̀sún ni, tó ń ta ṣájà ní ìsọ̀ kejì.

"Ẹ gbà mí, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́."

Ìyá Bọ̀sún fi ọwọ́ lu àyà. "Èmi? Ó ti wọnú mi lọ, kò tún jáde mọ́."

Kí oòrùn tó rẹlẹ̀, ó ti jáde dé ìdí ìsọ̀ tó gbẹ̀yìn.

Ìyùnadé kò fi ẹbọ falẹ̀. Ọjọ́ náà ni ó ra ẹyẹlé méjì àti iyọ̀, ó sì kó wọn ránṣẹ́ sí Òkè-Amọ̀. Ṣùgbọ́n ìyókù ni ara rẹ̀ kọ̀. Kí Tòkunbọ̀ gbé ẹ̀rọ jáde? Kí ó gba ojú títì, níbi tí ọkọ̀ wà, tí ọ̀kadà wà, tí odò wà? Ó ní láéláé. Ó ní inú ìsọ̀ ni ọmọ òun yóò wà, níbi tí ojú òun yóò ti máa tó o.

"Jókòó sórí bẹ́ǹṣì yẹn. Bí o bá fẹ́ omi, pè mí."

Tòkunbọ̀ bojú wo abẹ́ bẹ́ǹṣì. "Ìyá mi, àwọn bátìrì inú garawa yìí tún ti wú sí i o."

"Fi wọ́n sílẹ̀. Bátìrì kọ́ ló ń dùn mí."

Ọmọ náà jókòó sórí bẹ́ǹṣì, garawa náà wà lábẹ́ rẹ̀ gangan. Ìyá rẹ̀ sì mí kanlẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kí Tòkunbọ̀ ní ìkí tí wọn kì í kí i tẹ́lẹ̀. Ẹni tí kò bá a sọ̀rọ̀ rí wá di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ẹni tó ti bá a jà wá tọrọ àforíjì. Alàgbà Ṣómúyìwá, tó gbé fóònù wá fún àtúnṣe, dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò lè wọlé.

"Ọmọ mi, jọ̀ọ́, bá mi tètè parí rẹ̀. Mo fẹ́ gbà á lọ́wọ́ ìwọ fúnra rẹ kí ó tó di… kí ó tó di…"

"Kí ó tó di kí ni, sà?"

Alàgbà wá ọ̀rọ̀, kò rí. "Kí ó tó di ọjọ́ Àìkú," ni ó wí. Ó gbọ́ ohun tó ti ẹnu ara rẹ̀ jáde. Ó di ẹnu mú, ó sì sá lọ.

Tòkunbọ̀ dìde, ó lọ dúró níwájú ìyá rẹ̀. "Ìyá mi, kí ni mo ṣe tí gbogbo ọjà fi ń dárò mi lójú ara mi?"

Ìyùnadé bú sẹ́kún. Ó na fóònù sí i. Ọmọ náà ka iṣẹ́ náà láti òkè dé ilẹ̀. Ó dá fóònù padà sí ìyá rẹ̀ lọ́wọ́.

Nígbà tí ó yá, ó ní, "Ìyá mi, ẹ ti rú ẹyẹlé. Ẹ ti rú iyọ̀. Èyí tó kù, èmi ni. Wọ́n ní kí n gbé ẹ̀rọ lọ, ẹ ní kí n jókòó. Ṣé ìdajì ọ̀rọ̀ Ifá lẹ gbà gbọ́ ni?"

"Wàá kú sójú ọ̀nà!"

"Ṣé ikú kò mọ inú ìsọ̀ yìí ni?"

Gbogbo òru ni Ìyùnadé fi ro ó. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kẹta mọ́, ó mú ìró rẹ̀ tó dára jù lọ, ó fi wé ẹ̀rọ náà. Ó ní, "Ó dáa. Ṣùgbọ́n ìwọ nìkan kọ́ ló ń lọ."

Ó ti ìsọ̀. Tòkunbọ̀ gbé ẹ̀rọ lérí. Ìyá rẹ̀ ń tiro tẹ̀ lé e, ó di etí ìró tó fi wé ẹ̀rọ náà mú bí ẹni pé ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn ni Tòkunbọ̀. Gbogbo ọ̀kadà tó bá ń bọ̀ ni ó ń ké sí.

"Ọlọ́kadà, rọra! Ọmọ kan ṣoṣo ni o!"

"Màmá, ibi tí mo wà jìnnà sí yín!"

"Jìnnà sí i!"

Ọ̀dọ̀ Màmá Olùkọ́ ni wọ́n lọ, ní òdìkejì Odò-Ẹja. Màmá yìí ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n ó ṣì ń kọ́ àwọn ọmọ tálákà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀. Àwòrán kọ̀ǹpútà tó fi ṣọ́ọ̀kì yà sára ògiri ni ó fi ń kọ́ wọn. Tòkunbọ̀ gbé ẹ̀rọ kalẹ̀, ó sì tan án. Fáànù bẹ̀rẹ̀ sí í kùn.

Màmá Olùkọ́ kò sún mọ́ ọn. "Ọmọ mi, n kò lè ra èyí."

"Ẹbọ ni, mà. Ẹ bá wa gbà á."

Ọ̀rọ̀ ṣì wà lẹ́nu rẹ̀ nígbà tí nǹkan dún gbàù lọ́nà ọjà. Ó tún dún. Ó tún dún. Èéfín dúdú ta sókè ní Ìta-Ẹ̀rọ.

Nígbà tí wọ́n débẹ̀, àwọn ọlọ́jà ti da yẹ̀pẹ̀ bo iná náà kí ó má bàa ran ìsọ̀ mìíràn. Ṣùgbọ́n kò sí ohun kan tó ṣẹ́kù nínú ti Ìyùnadé. Gíláàsì fóònù ti yọ́ mọ́ra wọn bí ṣúgà. Garawa ti di awẹ́ méjì. Bẹ́ǹṣì tí Tòkunbọ̀ jókòó sí fún ọjọ́ méjì ti di eérú lójú ibẹ̀. Ìyùnadé wo eérú náà, ó wo ọmọ rẹ̀, ó tún wo eérú náà.

Ìyá Bọ̀sún ká ọwọ́ lérí, ó ń ké: "Mo wí bẹ́ẹ̀! Ifá ti sọ ọ́! Tòkunbọ̀ ti jóná! Ọmọ tó kí mi láàárọ̀ àná!"

Tòkunbọ̀ fọwọ́ kàn án léjìká. "Ẹ kú ìrọ́jú, mà."

Ìyá Bọ̀sún yíjú. Ó figbe ta, ó sì sá tòun ti bàtà kan.

Kò pẹ́ tí àwọn òbí tó ń mú ọmọ lọ sọ́dọ̀ Màmá Olùkọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ẹni tó kan àpótí tó ń kùn náà. Wọ́n wá a dé ilé. Iṣẹ́ dé bá Tòkunbọ̀ láti ìlú tí kò dé rí. Ìsọ̀ tuntun tí wọ́n kọ́, kọ̀ǹpútà ni ó kún inú rẹ̀, ọjà kankan kò sì tún padà wálé mọ́. Ìyùnadé ń jó, ó ń yọ̀. Ó ń yin Ìyánífá, Ìyánífá ń yin Ifá, Ifá ń yin ẹni tó gbọ́ tó sì ṣe é. Ìyùnadé ní ká ní òun rú ẹyẹlé, tí òun sì fi ẹ̀rọ pamọ́ ni, ọwọ́ ara òun ni òun ìbá fi gbé ọmọ òun jókòó lé iná lórí. Ẹbọ tí a rú pé ni ó gbani. Ìmọ̀ràn tí a gbà dé ìparí ni ó di ire.

Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ iná náà, Akọ̀wé ti oko dé. Ó rí èéfín, ó da iṣu ilẹ̀, ó sáré wá. Ìyùnadé dìde sí i.

"Akọ̀wé, kí ni mo fi ṣẹ̀ yín? Ẹ kọ ikú ọmọ mi ránṣẹ́ sí mi, ẹ sì wọ oko lọ!"

"Ikú wo, ìyàwó?"

Ìyùnadé na fóònù sí i lójú. Akọ̀wé ka ohun tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Ó kà á jẹ́jẹ́, ó sì rí i pé kò sí àmì ohùn kan lórí ọ̀rọ̀ náà. Ó jókòó sínú eérú, ó di ẹsẹ̀ Tòkunbọ̀ mú. Ó ní bí Ìyánífá ṣe wí i ni òun fẹ́ wí i yìí, òun kò bù kún un, òun kò sì yọ kúrò:

"Kí ó rúbọ. Gbogbo rẹ̀ á lọ. Tòkunbọ̀ á kù."